Ẹyin Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí Ẹ Jẹ

Màámi tèmi,

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo wá kàwé ní Ìsọlọ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣèyí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni mò ń gbé. Mi ò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan. Ní kíláàsì, ìdí ògiri ni mo máa ń jókòó sí. Nílé, inú kíṣìnnì. Àmọ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ máa ń ríran.

Ṣèyí ti lóyún. Gbogbo Sátidé tó bá wá láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Mafoluku, ìyá rẹ̀ á se ẹyin méjì, á bó o fúnra rẹ̀. "Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Á fún ẹ lẹ́jẹ̀."

Ìyá Ṣèyí yìí kan náà, Màámi! Ẹni tó wá sílé wa ní Ìsẹ́yìn nígbà oyún yín, tó ní òun wá tọ́jú yín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. "Ẹyin lo fẹ́ jẹ, ìyàwó? Ṣé olè lo fẹ́ bí fún àbúrò mi ni?" Ó ní bí ẹ bá jẹ ìgbín, ọmọ á máa da itọ́. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ gbé ẹyin yín sínú àwo mi. Mo sì jẹ ẹ́. Ṣé ebi ń pa yín lọ́jọ́ náà? Nígbà tí ẹ kú tọmọtọmọ, nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀ tipẹ́.

Ní Sátidé kan, ìyá ọkọ Ṣèyí bá a wá. Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún un. Ẹ mọ̀ pé ohùn mi kì í ròkè, ṣùgbọ́n ó ròkè lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí Àǹtí Ṣèyí jẹ ẹyin o. Ọmọ á jalè. Ìyá Ṣèyí fúnra wọn ló fi ṣèèwọ̀ fún màámi."

"Háà, àna mi! Ẹ mọ̀, ẹ wá ń fún ìyàwó wa jẹ? Olè lẹ fẹ́ fi ta wá lọ́rẹ?"

Ẹnu Ìyá Ṣèyí là, kò lè pa á dé. Bó bá ní irọ́ ni èèwọ̀ náà, ó ti jẹ́wọ́ ohun tó ṣe yín nìyẹn. Ó gbé ẹyin tó ti bó padà sí kíṣìnnì. Inú mi dùn, Màámi, ó dùn dé eyín.

Láti ọjọ́ náà, ìyá ọkọ ò jẹ́ kí Ṣèyí fojú kan ẹyin tàbí ìgbín mọ́. Ó tún ń po àgbo inú ọtí fún un láràárọ̀. Ìyá Ṣèyí á máa sunkún nílé, èmi á máa fọ àwo, màá máa kọrin.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù tí Ṣèyí ti ń ránṣọ. Ó dìde láti gba báàgì mi, òòyì kọ́ ọ, ó di ẹ̀rọ mú. Inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun bíi tiyín. Kò ṣẹ̀ mí rí. Òun nìkan ló ń pè mí ní àbúrò nílùú yìí. Mo bá a lọ rí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kó sá fún ọtí, kó sá fún àgbo, kó sá fún ẹran tí kò jinná. Kò sọ pé kó sá fún ẹyin. Ó ní kó jẹ ẹ́, kó ṣáà jinná dáadáa.

Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé ẹyin sísè lọ fún un báyìí. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù ló ti ń jẹ ẹ́, á da àgbo sí gọ́tà. "Àbúrò, má jẹ́ kí ìyá ọkọ mi gbọ́ o, wọ́n á jẹ mí láàyè!" Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò.

Ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Lánàá, ó lọ kúnlẹ̀ fún àna rẹ̀ nítorí ẹyin kan ṣoṣo, wọ́n sì lé e padà. Ó wọlé pẹ̀lú erùpẹ̀ lórúnkún ìró rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo rò pé Ṣèyí á là á já. Gbólóhùn kan péré ni ì bá fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo wò ó dáadáa, mo sì ṣí ìwé mi, mo ń kàwé lọ.

Mi ò ní sọ fún un títí ọmọ á fi ké. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ mí.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì lè dárí jì í.