Ọjọ́ Tí Ẹ Kọjá Ìlà Kóòṣì

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Kóòṣì Aláriwo,

Mo kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ rìn? Ara èmi àti ìyàwó mi le, àfi ojú mi tó ń ṣe bàìbàì díẹ̀.

Mo gba ibi pápá bọ́ọ̀lù wa àtijọ́ kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ. Wọ́n ti kọ́ ilé ìtajà sórí ẹ̀. Mo dúró níbi tí wọ́n ti ń ta bàtà, mo ń wá ibi tí igun mẹ́rin tiwa wà, èyí tí wọ́n máa ń fi ẹfun yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún mi, tí kóòṣì ò gbọdọ̀ jáde nínú ẹ̀ títí eré á fi parí. Yàrá tí ò lógiri lẹ máa ń pè é. Ẹ̀rín pa mí, ẹni tó ń ta bàtà sì ń wò mí bíi wèrè.

Ọdún mọ́kànlá la fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa báyẹn. Bàbá tó ń ya ìlà a máa ráhùn pé kí eré tó dé ìlàjì, bàtà yín á ti nu ẹfun òun tán. Ẹ máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín títí ohùn yín á fi ha, ẹ ó wá yíjú sí mi, ohùn á rọ̀: "Àbúrò, omi tútù wà níbí o."

Ẹ̀gbọ́n, àṣekágbá tí ẹgbẹ́ yín àti tèmi jọ gbá yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó tíì jẹ góòlù, nígbà tí balógun ẹgbẹ́ mi ṣubú níwájú yín láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo kọ́ wọn pé kí wọ́n máa ṣubú tó bá ti rẹ̀ wọ́n. Mo dúró sínú ìlà mi, mo ń pariwo, "Dìde jàre!" Rẹfirí náà rò pé ẹ̀tàn ni. Ẹ̀yin lẹ rí i pé ojú ọmọ náà ti yí. Ẹ fò kọjá ìlà, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ la ẹnu ẹ̀ kó lè mí. Káàdì pupa ni rẹfirí fi san oore náà. Bẹ́ ẹ ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ mi, ẹ ní, "Fọkàn balẹ̀, ó ti ń mí." Orí àwọn ọmọ yín dàrú lẹ́yìn ìyẹn, a jẹ góòlù kan, èmi ni mo gbé ife.

Ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ rèé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ káàdì yín pè mí pé kí n wá sọ ohun tí mo rí, mo ní, "Mi ò rí i dáadáa." Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n lè ní ká tún eré náà gbá. Ọdún kan gbáko ni wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹ ò sì padà sídìí iṣẹ́ náà mọ́. Ẹ dárí jì mí. Mo ti kọ òótọ́ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ báyìí, bó tilẹ̀ ti pẹ́ jù.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, kí ariwo àwọn ọmọ-ọmọ yín máa kún ilé yín.

Èmi ni,
àbúrò yín tẹ́ ẹ jọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí sétí balógun náà kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó wá ní kí n má fi ránṣẹ́, òun á mú un wá fúnra òun. Òun ló dúró níwájú yín yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó jókòó.