Ìkẹ́dùn lórí Ìpapòdà Bàbá Ẹ-Tún-un-Wọ̀n, Olùyẹ̀wò Iṣẹ́ Ibùdó Tiransifọ́mà

Sí ìyá wa, aya olóògbé, àti ẹ̀yin ọmọ,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí ọpẹ́ wà nínú rẹ̀ ni àwa tí a jọ ń kọ́ ibùdó tiransifọ́mà fi gbọ́ pé ọkọ yín, bàbá yín, olùyẹ̀wò iṣẹ́ wa, ti lọ sinmi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló bá wa ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n Bàbá Ẹ-Tún-un-Wọ̀n ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ lórí gbogbo iṣẹ́ nìyẹn, òun náà sì ń jẹ́ ẹ láìbínú.

Kí ó tó dé, iye ọjọ́ tí a fi parí iṣẹ́ nìkan ni a fi ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Ẹni tó bá yá jù ni à ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó ní ká fi ìbéèrè kan kún un: ẹ̀ẹ̀melòó ni a padà lọ tún ohun tí a ti pè ní píparí ṣe láàárín ọdún kan? Ó gbé pátákó kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ń kọ orúkọ ẹni tó ṣàṣìṣe àti iye ìgbà náà síbẹ̀. Ojú ti ọ̀pọ̀ wa lọ́dún náà. Nígbà tí tiransifọ́mà kan tí òun fúnra rẹ̀ buwọ́ lù bẹ̀rẹ̀ sí í jo epo nítorí nọ́ọ̀tì mẹ́ta tí kò le dáadáa, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí òkè pátápátá, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́ títí ọdún fi yípo. Láti ìgbà náà ni a kò ti fi àṣìṣe pamọ́ níbí mọ́.

A ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ibùdó tó ń yẹ̀ wò lọ́wọ́, èyí tí yóò fún ilé ìgbẹ̀bí ní iná, ku ìlà ìbuwọ́lù kan ṣoṣo lórí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Àwa rò pé ẹ̀yẹ ni yóò jẹ́ bí a bá tan iná náà lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀. Ọ̀gá wa wá sọ fún yín nílé. Ìyá, ìbéèrè lẹ bi í: "Ṣé ẹ ti wọn wáyà ilẹ̀ rẹ̀? Bàbá àwọn ọmọ ní kò tíì wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi òkú rẹ̀ ṣe ohun tí kò gbà nígbà ayé rẹ̀."

A lọ wọ̀n ọ́n. Òdiwọ̀n ni pé kí òǹkà mítà tí a fi ń wọn wáyà náà má kọjá méjì. Márùn-ún ló kà. Bí iná bá ṣáko, kì bá ráyè wọlẹ̀, ara ẹni tó bá di ilẹ̀kùn irin ibẹ̀ mú ni ì bá gbà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A gbẹ́ ilẹ̀, a ri wáyà mìíràn mọ́lẹ̀, ó sì di ọ̀kan ààbọ̀ lánàá. Inú wa dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá.

A kò ní fi yín sílẹ̀. Àyè iṣẹ́ ń dúró de ọmọbìnrin yín tó ń kọ́ṣẹ́ iná. A ó sì tún iṣẹ́ tirẹ̀ náà wọ̀n, torí bàbá rẹ̀ kò gba ojúsàájú. Ìlà tó kù lórí ìwé náà ṣófo síbẹ̀. Ìyá, ẹ̀yin la fẹ́ kí ẹ wá buwọ́ lù ú, nítorí ẹ̀yin lẹ yẹ iṣẹ́ yẹn wò.

Kí Ọlọ́run tó mọ ìwọ̀n ohun gbogbo má jẹ́ kí ẹrù yìí ju agbára yín lọ. Kí ó tù yín nínú. Bí kò bá sì tíì tó, kí ó tún un ṣe.

Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́