Oògùn Ẹ̀yìn Bàbá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹ̀rín ń pa ẹ́ ju ẹkún lọ? Ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ire ni wàá bá níbẹ̀. Àlàáfíà la wà, àmọ́ ó lóhun tá a fi pa mọ́ fún ẹ.

Hóró oògùn tó ò ń fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n nídìí máṣíìnì ìránṣọ, ẹyọ kan ni wọ́n ń lò láàárọ̀ tẹ́lẹ̀, kí n tó ṣẹ́jú ó ti di mẹ́fà. Oúnjẹ ò wọlé mọ́, oorun lọ, ìgbọ̀nsẹ̀ le, ọwọ́ ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan wọ́n rán ẹsẹ̀ méjèèjì ṣòkòtò tíṣà kan pọ̀. Tíṣà ní ṣé kóun máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lọ síléèwé ni.

Mo fipá mú wọn dé ọsibítù. Fọ́ọ̀mù kan béèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn. Inú mi dùn, mo ní kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ gàdàgbà pé bàbá rẹ kì í pa oògùn jẹ, hóró mẹ́fà lóòjọ́. Mo rò pé wọ́n á yìn wá ni. Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀, ó lọ pe dókítà. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó yẹ ìtọ̀ wò, ó ní àìsàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tá a kà fóun, ọ̀dọ̀ oògùn yẹn ni wọ́n ti ń wá, ó ti di bárakú. Bàbá rẹ ní irọ́ ni, àwọn lè jáwọ́ nígbàkigbà. Dókítà ní kí wọ́n kó ti inú àpò wọn sílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n fọwọ́ bo àpò. Omi lé ròrò sójú wọn, wọ́n wò mí.

"Ìyá àwọn ọmọ, mi ò lè fi í sílẹ̀. Mo ti gbìyànjú."

Dókítà ò bá wọn wí. Ó ní àìsàn ni, kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́, díẹ̀díẹ̀ la ó sì máa dín in kù, wọn ò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Ó ní nọ́ọ̀sì á máa bẹ̀ wá wò lórí fóònù. Mo gbá pálọ̀, mo gbé àga síwájú fóònù, mo bu omi tútù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè bí ara ṣe rí, bàbá rẹ yọ ahọ́n. Nọ́ọ̀sì ní òun ò rí nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ dáadáa.

Ó le níbẹ̀rẹ̀ o. Wọ́n ń làágùn, wọ́n ń kanra mọ́ mi, wọ́n tú àpótí aṣọ mi torí oògùn tí mo fi pa mọ́. Oṣù kẹta rèé, ó ti ku ààbọ̀ hóró. Wọ́n ń hanrun débi pé òwú ni mo fi ń dí etí sùn.

Ẹ̀bẹ̀ kan: bí wọ́n bá pè ẹ́ pé kó o fi oògùn ránṣẹ́, bó ti wù kí ohùn wọn rọ̀ tó, má ṣe é. Mi ò dá ẹ lẹ́bi, ìfẹ́ lo fi rà á. Owó ẹ̀ ni kó o fi ránṣẹ́, torí bàbá rẹ ń jẹ oúnjẹ tiwọn tán, wọ́n tún ń jẹ tèmi.

Ọwọ́ rẹ ni yóò máa di nǹkan mú, nǹkan kan ò ní di ìwọ mú.

Èmi ni ìyá rẹ.