Ẹ Jẹ́ Kí N Pe Orúkọ Ọkọ Mi Lórí Kẹ̀kẹ́

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò ọmọ. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń kí bàbá mi. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Gàníyù àti ìyàwó rẹ̀, mo kí ìyá àgbà nínú yàrá wọn, mo sì kí gbogbo ará Japara tó jẹun yìgì mi, títí kan àwọn tó jẹun tán tí wọ́n tún ń mí kanlẹ̀. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn dípò kí n pè yín lórí fóònù. Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín, mo sì fẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òjijì ni mo fi bá òun.

Ìyá mi, inú mi ń dùn! Inú mi ń dùn débi pé bí mo bá jí láàárọ̀, tí mo gbọ́ tí ọkọ mi ń súfèé nídìí àwọ̀n ẹja tó ń hun, èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. Àwọn tó ń mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ yìgì ní kí ni ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá, tó mọ iṣẹ́ ìránṣọ dunjú, fẹ́ fi ọkùnrin tí kò ríran ṣe, ní ìlú omi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé àánú wọn lọ fún ẹlòmíràn. Ọkùnrin yìí mọ ìgbà tí mo bá ń rẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé mo lanu. Ó mọ ìgbà tí mo bá ń sunkún náà, bí mo tilẹ̀ fi omi ṣan ojú kí n tó wọlé.

Mo sunkún díẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Abigi tí mo wà yìí jìnnà sí yín. Òjò ibí kì í fẹ́ dá, ilẹ̀ ibí yanrìn ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn kì í rí òkè tó lè fẹ̀yìn tì. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jà, wọ́n á ní ẹ gbọ́ ará òkè, wọ́n á wá máa sín ohùn mi jẹ. Iṣẹ́ ìránṣọ ń lọ, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, àwọn oníbàárà á jókòó sílé, owó náà á sì jókòó tì wọ́n. Gbogbo èyí, mo lè fara dà á. Ohun tí mi ò lè fara dà ni kẹ̀kẹ́.

Ìyá mi, mo ń jowú. Ẹ kò bí mi ní òjòwú, ṣùgbọ́n ibí ni mo ti dà á.

Mo bá kẹ̀kẹ́ kan nílé ọkọ mi. Kẹ̀kẹ́ oníjókòó méjì ni, wẹ́dà kan níbí ló jó kẹ̀kẹ́ àlòkù méjì pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹni tó ń ríran á jókòó síwájú, òun ló di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, òun ló ń darí. Ẹni tí kò ríran á jókòó sẹ́yìn, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bíréèkì ńlá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní mọ ìgbà tí òun yóò fa bíréèkì yẹn àfi bí ẹni iwájú bá pariwo. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, àwọn aláàbọ̀ ara bíi ti ọkọ mi á kó ara wọn jọ lẹ́bàá títì. Ẹni tí apá rẹ̀ kò pé wà níbẹ̀, ẹni tí kò gbọ́rọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀gá wọn ni ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ọ̀gá Làtí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ láti kékeré, ọwọ́ ló fi ń yí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò rọ rárá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí mi, ó ní ìyàwó, ẹ káàbọ̀, ìyáálé yín ti ń retí yín, ó wá fọwọ́ gbá ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ìyáálé gidi wà níwájú kẹ̀kẹ́ náà.

Fèyí lorúkọ rẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ó ga, ó rẹwà, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo ìjọ wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti jó kẹ̀kẹ́ yẹn, òun ló ń jókòó níwájú ọkọ mi. Orúkọ tí ìyá ọkọ mi sọ ọ́ gan-an ló fi ń pè é, lásán, láìfi nǹkan kan bò ó. Á pe orúkọ náà, á ní fà á! Á pè é, á ní tẹ̀ ẹ́, ṣé o ti sùn ni? Ọkọ mi á wá máa rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi yà níkòríta, èmi á dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù kì í tilẹ̀ ṣe ti ẹ̀rín. Bí ọkọ mi bá dé, tó wẹ̀, tó jẹun, á máa ròyìn. Fèyí ní omi ti bo ìdí àwọn ọ̀pẹ lápá òsì. Fèyí ní lékeléke kan dúró lẹ́yìn màlúù bí ẹni gun kẹ̀kẹ́. Ìyá mi, èmi náà gba ọ̀nà yẹn kọjá. Mo rí lékeléke yẹn pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti sọ fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Mo ní aṣọ tí mò ń rán pupa. Ó ní irú pupa wo, ṣé ti epo ni àbí ti iyèpẹ̀? Mo kàn ṣáà bínú sí Fèyí.

Ọ̀gá Làtí àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá mú ọ̀rọ̀ kan wá tó fẹ́ pa mí. Wọ́n ní ní Sátidé tó tẹ̀lé Iléyá, àwọn yóò fi ọkọ̀ akẹ́rù kó àwọn kẹ̀kẹ́ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, àwọn yóò wá gùn wọ́n láti ibẹ̀ wọ Ìjẹ̀bú-Igbó, wọn yóò gba Japara títí dé Atikori, kí àwọn tó ti ọmọ wọn mọ́ yàrá nítorí ojú tàbí ẹsẹ̀ lè rí i pé ọmọ náà lè jáde. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò. Ẹ rí i, ọkọ mi yóò gba iwájú ilé bàbá mi kọjá lẹ́yìn obìnrin mìíràn, èmi yóò jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpò omi mímu lórí itan! Àwọn tó ń mí kanlẹ̀ yóò wá sọ pé Rọ̀fíà fẹ́ afọ́jú, kò tún rí i gbé. Mo ní láyé, kò ní ṣẹlẹ̀. Mo ní èmi ni n óò jókòó síwájú.

Mi ò sì mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọwọ́ yín ni èyí wà. Kẹ̀kẹ́ Gàníyù wà lára ògiri ní gbogbo ìgbà tí mo wà nílé, ẹ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ẹ ní ọmọbìnrin tó bá ń gun kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ ń bẹ tí ọkọ rẹ̀ yóò bi yín lálẹ́ ìgbéyàwó. Ó dára, alẹ́ ti kọjá, ọkọ kò bi yín ní nǹkan kan. Mo lọ bá Fèyí fúnra rẹ̀ pé kó kọ́ mi.

Mo fẹ́ kó kọ̀, kí n lè rí ohun bínú sí. Kò kọ̀! Ó dì mọ́ mi, ó ní òun ti ń gbàdúrà fún ọjọ́ yìí. Pápá ilé ìwé wọn ló mú mi lọ, ó di ẹ̀yìn ìjókòó mú, ó ń bá mi sáré nínú oòrùn, ó ń kọrin ìjọ wọn. Inú bí mi sí i, nítorí ó ṣòro láti jowú ẹni tó ń làágùn nítorí tẹni. Mo ṣubú, mo bó orúnkún, mo dìde. Ẹsẹ̀ mi kò ní wàhálà rárá, ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti ọdún yìí wá, kí ni yóò rẹ̀ ẹ́ lórí kẹ̀kẹ́? Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n. Mo rò pé wàhálà ti tán.

Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn mi lórí kẹ̀kẹ́, ayọ̀ fẹ́ẹ̀ gbé mi fò. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn mi. Mo ròyìn ewúrẹ́, mo ròyìn ilé, mo ròyìn pupa bí ti epo. Mo wá rí kòtò ńlá kan níwájú, omi òjò kún un. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi, ọkọ mi ni. Ẹnu mi ní, olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, kòtò kan ló wà níwájú yìí, bí ẹ bá lè bá mi fa . . . Inú kòtò la ti parí ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ mi jókòó sínú omi pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, ó ní kí n dákun, ṣé ìkíni ni òun ń gbọ́ yẹn ni àbí ìkìlọ̀? Ó ní ìgbà tí mo dé orí ẹ jọ̀ọ́ ni ìdí òun ti tutù. Ọ̀gá Làtí rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ẹ̀ já bọ́ nínú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Ó ní ìyàwó, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni yín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yín yóò pa ọkọ yín. Ó ní lórí kẹ̀kẹ́ kò sí ọkọ, ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn ló wà níbẹ̀.

Ilé yín ni mo ti kọ́ ọ, ìyá mi. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí àkeekèé gun èjìká bàbá mi? Ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ẹ kí wọn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú, nígbà tí ẹ máa fi dé orí àkeekèé, àkeekèé ti ta wọ́n. Síbẹ̀ gbogbo Japara ló yìn yín pé obìnrin tó mọ iyì ọkọ ni yín. Mi ò gbọ́ kí ẹ pe orúkọ bàbá mi rí, kí á má tíì sọ pé kí ẹ pàṣẹ fún wọn. Fèyí lè pe orúkọ ọkọ mi nítorí pé kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Èmi tí mo ni ín, n kò lè pè é. Ẹ wo ohun tí mò ń jowú lé lórí!

Ní Sátidé kan, ọlọ́kadà kan já lu títì láìwo ọ̀tún wo òsì. Mi ò ráyè rò ó. Mo gbọ́ tí orúkọ ọkọ mi já jáde lẹ́nu mi, òdindi, ó dún títí dé ìsàlẹ̀ ọjà, mo ní fà á! Ó fà á. Kẹ̀kẹ́ dúró gbọn-in, ọ̀kadà sáré kọjá níwájú wa. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú yanrìn lójú gbogbo èèyàn, mo ní kó foríjì mí. Ó ní kí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, kò tún sí ẹni tó pe orúkọ òun bí ẹni pé ọwọ́ ẹni náà ni òun wà. Ó ní kí n tún un pè. Mo bi í pé ti Fèyí ńkọ́? Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ohùn ti Fèyí ló rinlẹ̀ jù. Ìyá mi, mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ohun tí mo ń tọrọ nìyí. Sátidé tó tẹ̀lé Iléyá, ẹ jáde síta pẹ̀lú bàbá mi. Ẹ ó gbọ́ ohùn mi kí ẹ tó rí mi. N óò máa pariwo mọ́ ọkọ mi ní gbangba, n óò máa pe orúkọ rẹ̀ lásán, n óò máa pàṣẹ fún un bí ẹni bá ọmọ rẹ̀ wí, nítorí ẹ mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú ilé wa àti gọ́tà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fi ìborùn bojú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ kò kọ́ mi. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ sá ìborùn aláwọ̀ búlúù tí ẹ fi ṣe yìgì mi sẹ́nu ọ̀nà, n óò rí i láti òkè. Bí n kò bá rí i, n óò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, n óò gbé iwájú fún Fèyí, kí ojú má baà tì yín. Yóò gbé e kọjá níwájú yín, kò sì ní ṣì í. Owú yóò sì pa ọmọ yín kó tó dé Atikori.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó fún bàbá mi ní àlàáfíà, kó jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ yín gbé ọmọ mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé àti àwọn tó ń mí kanlẹ̀. Ọkọ mi ní kí n kí yín, ó dọ̀bálẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, Fèyí náà ní kí n kí yín. Mo ti kí yín tirẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Rọ̀fíà, ìyàwó Músílíù.

Ẹ wò ó, mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku kí ẹ sá ìborùn.