Àmín Tí Mo Ṣe sí Àdúrà Kẹrìnlá

Araromi-Obu,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 2025.

Ìdáraolúwa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ẹ̀fọ́rí tó ń bá ọ jà nígbà tí o wálé gbẹ̀yìn ti lọ pátápátá? Ní tiwa, a dúpẹ́, àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, kòkó ń gbẹ dáadáa, ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ náà ti sàn. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí àyà rẹ má bàa já pé kí ló dé tí bàbá mi tó ní fóònù fi ń kọ ìwé sí mi. Kò sẹ́ni tó kú, kò sì sẹ́ni tó ń ṣàìsàn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá nìkan la ti ń rí nẹ́tíwọ̀kì lábúlé wa, gbogbo ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ ló ń gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo ní kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo rẹ̀ níbẹ̀. Barnabas tó ń wa mọ́tò láti Ore lọ sí Àkúrẹ́ ni yóò mú ìwé yìí dé ọwọ́ rẹ. Ẹ̀bà ni mo fi lẹ ẹnu rẹ̀. Bí o bá rí i pé ó ti ṣí, Barnabas ni kí o bi.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí rọ́bọ́ọ̀tì orí fóònù tí o ṣe fún ìjọ wa. O rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, inú bébà ni kálukú ń kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí, yóò ká a, yóò jù ú sínú agbọ̀n iwájú pẹpẹ. Gbogbo ìjọ yóò máa nawọ́ sí agbọ̀n náà fún ọjọ́ méje láìmọ ohun tó wà níbẹ̀, àfi Ìyá Joanna, ìyá àdúrà wa, tó máa ń kà wọ́n. Ó wá di ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ gbé bébà kan gba ojú fèrèsé, tó gbé e lọ sílé àwọn tó ń tún ọ̀kadà ṣe, tí wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ ilé onílé síta. Ìyá Joanna sunkún lọ́jọ́ náà. Ìwọ lo sọ fún wọn pé, "Ẹ fi sílẹ̀, Mama, n ó bá yín ṣe é sórí fóònù."

Ìgbà ọdún Àjíǹde ni o jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìnkùlé, tí o gbé kọ̀ǹpútà lé itan, tí o ń kọ àṣẹ fún rọ́bọ́ọ̀tì náà. O ní àṣẹ méjì péré ni. Bí èèyàn bá tẹ "bò ó", tó sì kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì yóò fi lẹ́tà mìíràn rọ́pò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbé e sójú ìkànnì ìjọ láìdárúkọ ẹni tó kọ ọ́, nọ́ńbà nìkan ni yóò fún un. Bí wọ́n bá tẹ "tú u", yóò dá ọ̀rọ̀ náà padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n fóònù Ìyá Joanna nìkan ni yóò dá lóhùn. Mo bi ọ́ pé lẹ́tà wo ló ń di èwo, o ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àṣírí ibẹ̀ nìyẹn." Mo tún bi ọ́ pé ṣé kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ tú u. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Bébà kíká ni, Bàbá, kì í ṣe àpótí onírin. Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún un kò ní tú u." Ọ̀rọ̀ yẹn ń ta mí lára di òní.

Ọmọ mi, mo yangàn nígbà yẹn! Mo sọ fún Barnabas pé kò sí irú rẹ̀ ní Ago Alaye, kò sí ní Ore pàápàá. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wakọ̀.

O mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ìjọ. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń kọ ìran sílẹ̀ bí àwọn aríran ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára. Àwọn àgbà kan wá ní àwọn kò lè máa nawọ́ sí fóònù, pé àwọn fẹ́ ohun tí àwọn lè fi ọwọ́ kàn. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń da àwọn àdúrà bíbò náà kọ sínú ìwé ńlá ìjọ, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, láìmọ ohun tí mo ń kọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, mo wà ní ahéré, òjò ń rọ̀, mo ń da ti ọ̀sẹ̀ náà kọ. Mo kàn rí i pé ọwọ́ mi ti kọ BNJO kí ojú mi tó débẹ̀. Mo wo ìparí àdúrà tó ṣáájú: BNJO. Mo ṣí ojú ewé mìíràn: BNJO. Gbogbo wọn pátá! Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Àwa Aládùúrà, ta ni nínú wa tí yóò bẹ Ọlọ́run tí kò ní ṣàmín? O bo gbogbo ọ̀rọ̀ wa tán, o gbàgbé pé ibì kan náà ni gbogbo wa ń parí sí. Àmín nìyẹn. A di B, M di N, I di J, N di O. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e lásán ni!

Ó yẹ kí n pa ìwé náà dé níbẹ̀. N kò pa á dé. Mo ní kí n dán an wò lórí ọ̀kan péré, kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo rí. Ìka mi bọ́ sórí àdúrà kẹrìnlá. Mo fi pẹ́ńsù tú u sórí bébà kékeré, ohun tó sì jáde nìyí: "Olúwa, má jẹ́ kí bàbá mi mọ̀ pé mo ti fi ilé ìwé nọ́ọ̀sì sílẹ̀ láti oṣù karùn-ún. Ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ nítorí mi ti wọ̀ mí lọ́rùn. Jẹ́ kí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń kọ́ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́. Àmín."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìdáraolúwa, ọmọ mélòó nínú ìjọ wa ló wà nílé ìwé nọ́ọ̀sì?

N kò ní purọ́ fún ọ, inú bí mi. Mo ta agbọ̀n kòkó nípàá, ìyá rẹ ní kí ni agbọ̀n ṣe fún mi. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ kò fi dùn lẹ́nu mi. Kò sí àlejò tó wọ ilé yìí tí n kò fi fọ́tò rẹ inú aṣọ funfun nọ́ọ̀sì hàn. Mo ń pè ọ́ ní nọ́ọ̀sì kiri Odigbo, láìmọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Ojú tì mí, ó sì dùn mí gan-an.

Ìgbà tí inú mi rọ̀ díẹ̀ ni mo wá rántí ọjọ́ Ìsinmi tí a gbàdúrà lórí nọ́ńbà kẹrìnlá. Èmi akọ̀wé ni mo pe nọ́ńbà náà. Èmi ni mo na ọwọ́ méjèèjì sí i, tí mo sì kígbe àmín tí ohùn mi borí ti gbogbo ìjọ. Mo bá ọ bẹ Ọlọ́run kí n má mọ ọmọ mi. Níbi tí mo jókòó sí ní ahéré, omijé bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó bọ́.

O mọ ìtàn ẹ̀jẹ́ náà, èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ títí ó fi sú ọ. Nígbà tí ìyá rẹ ń rọbí rẹ, òjò ti ba ọ̀nà Ore jẹ́. Nọ́ọ̀sì Qúdrát gun ọ̀kadà la ẹrẹ̀ já, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwọ ké, ìyá rẹ sì yè. Mo kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, mo ní ọmọ yìí yóò máa tọ́jú aláìsàn bí obìnrin yìí. Kò sẹ́ni tó bi ọ́. O kò tíì hu eyín.

Mo lọ bá Ìyá Joanna, mo jẹ́wọ́ pé mo ti tú ìwé tí kì í ṣe tèmi. Wọ́n fi èdè Ìkálẹ̀ bú mi dáadáa, n kò ní kọ ọ́ síbí nítorí pé èmi ṣì ni bàbá rẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Akọ̀wé, láti ìgbà tí mo ti ka àdúrà yẹn ni mo ti ń gbé ọmọ náà síwájú Ọlọ́run, ṣùgbọ́n n kò ṣàmín sí i rí. Kí baba má mọ ọmọ rẹ̀ kẹ̀? Ẹnu mi kò gbà á." Mo ní ẹ̀jẹ́ mi ńkọ́? Wọ́n bi mí pé, "Ta ló la ẹnu jẹ́ ẹ?" Mo ní èmi ni. "Ó dáa. Lọ san án."

Ní ọjọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ sí Odigbo, mo wá Nọ́ọ̀sì Qúdrát kàn. Wọ́n ti hewú, ìfẹ̀yìntì wọn kù díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń lọ sí àwọn abúlé láti fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo sọ fún wọn pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tiwọn ni èmi àti ọ̀kadà mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá a lọ sí Omifunfun. Wọ́n gbé àpótí abẹ́rẹ́ lé itan lẹ́yìn mi, wọ́n ń pariwo pé kí n rọra, ṣé mo fẹ́ pa àwọn ni! Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló gba abẹ́rẹ́, ọ̀kan sì gé mi jẹ nígbà tí mo dì í mú. Ẹ̀jẹ́ mi ni, èmi ni n ó máa san án. Jọ̀ọ́, sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́rùn rẹ.

Lánàá, mo dúró níwájú fọ́tò rẹ, mo wò ó dáadáa. Pẹ̀lú gbogbo ìyangàn mi, n kò rí i rí pé o kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ yẹn, bí o ṣe ń kọ àṣẹ rẹ ni orin ń jáde lẹ́nu rẹ. Mo gbọ́ orin náà, n kò fi ọkàn sí i.

N kò tíì sọ fún ìyá rẹ. Ìwé tìrẹ ni, ìwọ ni kí o tú u fún wọn. N kò tú àdúrà ẹlòmíràn, mo sì ti sun bébà tí mo fi ṣe é. Wálé ní ìparí oṣù yìí, kí o wá sọ ohun tí ò ń kọ́ fún mi, àti ẹni tó ń kọ́ ọ, àti ibi tí yóò gbé ọ dé. Ìbéèrè mi yóò pọ̀, má rò pé inú mi ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n n ó jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ tán kí n tó la ẹnu.

Ọlọ́run tí kò gba àdúrà kẹrìnlá yóò gba gbogbo èyí tó kù. Yóò fi òye kún òye rẹ. Ọwọ́ rẹ tó ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ kò ní wá iṣẹ́ tì. Ibi yòówù tí o bá jókòó sí ṣiṣẹ́, orin kò ní tán lẹ́nu rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó tú ìwé rẹ, tó sì ń tọrọ àforíjì,

Owólabí.

Àfikún: Tètè wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ àmín yẹn kí ẹlòmíràn tó rí i. Kọ àṣẹ kẹta fún rọ́bọ́ọ̀tì náà kó máa gé e kúrò ní ìdí àdúrà, a ó máa fi ẹnu ṣe é. Mo fi àdúrà tèmi ránṣẹ́ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kò di dandan kí o wá nọ́ńbà rẹ̀, òun nìkan ni kò ní BNJO ní ìdí. Mo bẹ Ọlọ́run kí n mọ ọmọ mi. Àmín rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ fún ọ.