Ẹyẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́wàá

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà orúnkún tó ń dùn yín. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ìkòsí níbí, àyà mi kan ilẹ̀. Mo kí Màámi, wọ́n kú ìtọ́jú yín. Mo kí Ràfíù àbúrò mi, òun ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ọ̀rọ̀ ìbọn yín ni mo fẹ́ sọ. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn nítorí gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ Ṣakí lẹ ti sọ fún pé èmi ni mo máa jogún rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn náà gbọ́ tẹnu mi.

Bàbá, ó rẹ̀ mí. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni mo ń ya pásípọ́ọ̀tù ní Kétu, tí mò ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, màá tún gbé kámẹ́rà lọ síbi ìsìnkú àti ìkómọ. Owó tó bá wọlé kì í jókòó kó tó jáde. Òjò ò jẹ́ ká sinmi, omi ti dé ẹnu ọ̀nà wa lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá délé, kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Màmá onílé nìkan ló ń kí mi, owó iná ni wọ́n sì máa ń fi parí ìkíni wọn.

Ẹyẹ ló ń tù mí nínú. Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń gba ẹ̀yìn ọjà Mile 12 lọ sétí àbàtà, níbi tí òṣíbàtà ti bo omi. Ẹyẹ pupa rúsúrúsú kan wà níbẹ̀, ọrùn rẹ̀ funfun, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, orí ewé ló ń rìn bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Mi ò mọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pè é, ẹ̀yin lè mọ̀ ọ́n. Abo á yé ẹyin tán, á bá akọ mìíràn lọ. Akọ ló ń sàba, òun náà ló ń tọ́ ọmọ. Bí ewu bá dé, á lóṣòó, á ṣí apá, àwọn ọmọ á sá wọ abẹ́ rẹ̀, á sì gbé wọn lọ, ẹsẹ̀ wọn á máa fì nísàlẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, omijé bọ́ lójú mi. Mo rántí ìgbà tí òjò ká wa mọ́ oko, tí ẹ gbé mi sínú gbérí, ẹ̀wù ọdẹ yín, tí ẹsẹ̀ mi ń fì títí a fi délé.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ yín ló kó mi sí wàhálà lóṣù tó kọjá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé èèyàn kì í dúró gbagidi wo ohun tó ń ṣọ́. Mo wọ ẹ̀wù tó ti ṣá, mo fi àpò ìdọ̀họ wé lẹ́ńsì gígùn, mo dojú kọ atẹ́gùn, mo fi orúnkún kan kúnlẹ̀ nínú koríko. Mo gbàgbé pé ẹ̀yìn ọjà ni mo wà, kì í ṣe igbó Ṣakí. Àwọn alábàárù rí ọkùnrin tó gbé nǹkan dúdú gígùn sójú, wọ́n pariwo pé oníbọn wọ̀lú, wọ́n da ẹrù sílẹ̀, wọ́n sá. Àwọn sìkíọ́ríìtì ọjà wá gbá mi mú.

Ọ̀gá wọn ní kí n pe ẹni tó mọ̀ mí. Ẹ̀yin ni mo pè. Ó bi yín pé iṣẹ́ wo ni ọmọ yín ń ṣe. Bàbá, tayọ̀tayọ̀ lẹ fi dáhùn pé ọdẹ ni mí, ọdẹ ọmọ ọdẹ, pé ọwọ́ mi kì í tàsé. Wọ́n ti fi fóònù sí sípíkà, gbogbo wọn ló gbọ́. Kíá ni wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n ní kí n fi ibi tí mo gbé ìbọn sí hàn wọ́n.

Kámẹ́rà ló gbà mí. Ọ̀gá náà ka ẹsẹ̀ ẹyẹ inú àwòrán, ó jẹ́ mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú wọn ti ń pe Jésù. Mo ṣí àwòrán tó tẹ̀ lé e, níbi tí ọmọ mẹ́rin ti ń jáde lábẹ́ apá, mo sì ṣàlàyé pé bàbá wọn ló gbé wọn. Ọ̀gá dá kámẹ́rà padà fún mi. Ó ní òun ò tíì fojú kan àwọn ọmọ òun láti Iléyá. Ó ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n máa nàró bí èèyàn.

Ràfíù sọ fún mi pé ẹ ti nu ìbọn sílẹ̀, pé ojú ẹgbẹ́ lẹ ti fẹ́ gbé e lé mi lọ́wọ́. Mi ò lè gbà á, Bàbá. Kì í ṣe ìgbéraga Èkó. Mo ti wo àwọn ẹyẹ pẹ́ jù. Bí mo bá gbé ìbọn sójú báyìí, màá kọ́kọ́ máa wò ó bóyá ọmọ wà lábẹ́ apá, ẹran á sì ti lọ. Ràfíù ló ń wọ igbó láti ìgbà tí orúnkún yín ti kọ̀. Òun ni kí ẹ fún. Mo mọ̀ pé èmi ni àkọ́bí, mo mọ̀ pé ó máa dùn yín. Ó dun èmi náà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú, àmọ́ ẹ máa gbé ìpè mi. Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà, kó jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kó má jẹ̀ẹ́ kí Màámi sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, ẹ kí àwọn ẹgbẹ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi yín ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹyẹ ni mò ń yà.

Èmi ni, ọmọ yín,
Mùfútáù.