Bàbá Kò Yìn Mí Rí

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò wa. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Inú ìwé ìròyìn ni mo kọ èyí sí, kí ará àdúgbò wa ní Bẹyẹrúnká tó bá rà á lè kà á fún yín, nítorí Múfú àbúrò mi tó ń bá yín ka lẹ́tà, tó sì ń bá yín kọ èsì, lè fo ibi tí kò wù ú.

Òtútù ìhín kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bí mo bá ti iléèwé dé, abọ́ ni mò ń fọ̀ nílé oúnjẹ kan kí n lè rówó yàrá san. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò ní pe orúkọ mi.

Ìṣirò tí mò ń kọ́ kì í ṣe ti owó. Àwọn ohun tó wà lódidi, tí kò já níbì kankan, ni à ń kó jọ, tí à ń wádìí èwo ló sún mọ́ èwo. A ó tẹ́ ọ̀kan bo èkejì tán láìfà á ya, láìjẹ́ kí ibi méjì tó jìnnà síra bọ́ sójú kan náà. Bó bá ṣeé ṣe, àkọ́kọ́ sún mọ́ èkejì nìyẹn. Irú ìtẹ́bò tí a bá sì fàyè gbà ló ń sọ àwọn tó jẹ́ aládùúgbò ara wọn.

Nígbà tí mo kọ ọ́ sí Bàbá, wọ́n bínú. Wọ́n ní ta ni yóò rà á lọ́jà Òjé tí àwọn ti ń ta aṣọ. Wọ́n ní àwọn tí àwọn ń hun òfì mọ ohun tí kò já, wọ́n wá bi mí pé bí eléyìí bá sún mọ́ ìyẹn, ṣé dandan ni kí ìyẹn náà sún mọ́ eléyìí? Bí n kò bá lè dáhùn, kí n máa bọ̀ wálé.

Ọdún méjì ni mo fi wá ìdáhùn náà. Kì í ṣe dandan. Ohun kan wà tó lọ́ mọ́ra, tí a lè tẹ́ bo òwú tó nà tààrà, àmọ́ òwú náà kò lè bò ó láé. Mo sáré kọ̀wé sí Bàbá, mò ń retí ìjà.

Èsì tó dé lórúkọ wọn ní mo káre, ọmọ dáadáa ni mí, kí Ọlọ́run fi kún ìmọ̀ mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo bú sẹ́kún. Bàbá kò yìn mí rí.

Mo kó àwọn lẹ́tà tó ṣáájú jáde. Mẹ́ta ló dùn báyẹn. Mo ti rò pé àgbà ló ń mú ọkàn Bàbá rọ̀ ni, àṣé Múfú ló ń dá wọn kọ. Mo mọ̀ pé a kì í túfọ̀ fún ọmọ tó wà lájò, kó má baà pa ẹ̀kọ́ tì. Ẹ má bá Múfú jà, ó rò pé ìyìn á múnú mi dùn ni. Àmọ́ nígbà tí mò ń wá ìdáhùn fún Bàbá, wọ́n ti wà nínú ilẹ̀, ó sì ń dùn mí wọra.

Ìyá mi, ọjọ́ wo ni Bàbá lọ? Ṣé àìsàn ni, ṣé ó sì pẹ́? Ẹ ní kí Múfú kọ òótọ́ sí mi, lórúkọ yín, kí n lè mọ ọjọ́ tí màá máa ṣe àdúà fún wọn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á fi àlàáfíà bò yín. Ẹ bá mi kí Múfú, ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí gbogbo agbo ilé. Mo ti kọ ọ́ pé kí ẹ bá mi kí Bàbá kí n tó rántí. Mo pa á rẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Kàmọ́rù